Bí Mo Ṣe Yan Páàtì Tí A Pààrọ̀ Lára 911 Mi Kó Tó Kú Sọ́nà

Ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 tí mo fi ń kó gbágùúdá dàgbà ju dẹ́rẹ́bà tó ń wà á lọ. Mítà rẹ̀ ti kú kó tó di tiwa, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ iye kìlómítà tó ti rìn. Gbágùúdá tútù ló ń kó láti ìhà Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ wá sí Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta. Bó bá já a tán, gàrí àti láfún ló kàn, ó di Ìtòrí, Pápálántò, Ifọ̀, títí dé Èkó. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò ní bi mí léèrè ohun tí ojú sípíríǹgì ń rí.

Kí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́dún tó kọjá ni èmi, mẹkáníìkì mi àti dẹ́rẹ́bà jókòó ti ọkọ̀ yìí láti yan ohun tí a ó pààrọ̀ kó tó bàjẹ́ àti ohun tí a ó fi sílẹ̀. Bí a ṣe yàn án ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀nà méjì ni mo rí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń tọ̀ nílùú wa. Àwọn kan kì í fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tó bá já. Àwọn kan sì wà, kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ pé páàtì ti pẹ́, wọ́n á yọ ọ́ sọnù. Tọ̀tún tòsì wọn, owó ló ń ṣòfò.

Èmi kì í fi ọjọ́ orí páàtì dá a lẹ́jọ́. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: tí èyí bá já lójú ọ̀nà, kí ni yóò ṣe wá? Ṣé ó máa ń ké kó tó já? Kí la sì gbọ́dọ̀ tú ká tó débi tó wà? Mo bi páàtì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì kọ ìdáhùn sínú ìwé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní FUNAAB, yunifásítì tó wà l'Ábẹ́òkúta, ló là mí lójú. Ó sọ fún mi nípa àwọn òṣìṣẹ́ United Airlines méjì ní Amẹ́ríkà, Nowlan àti Heap, tí wọ́n kọ àbọ̀ iṣẹ́ kan fún iléeṣẹ́ ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1978 lórí bí páàtì bàálù ṣe ń bàjẹ́. Nínú 100 irú páàtì tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 11 ni ogbó ń ṣe ní tòótọ́. 89 yòókù, bí wọ́n ṣe pẹ́ tó kò sọ ìgbà tí wọ́n máa bàjẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara bàálù ni ewu wọn pọ̀ jù. Lóòótọ́, 911 kì í ṣe bàálù, àwọn táyà, bẹ́líìtì, rọ́bà àti léńnì bíréèkì sì wà lára ohun tó ń gbó lójú wa báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé tí mo bá yọ páàtì tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, tí mo fi tuntun tí n kò mọ̀ dí i, mo lè fi ọwọ́ ara mi ra ìyọnu.

Bíréèkì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú olókè ni Abẹ́òkúta, kò sí bí ọkọ̀ ẹrù ṣe máa rìn nínú rẹ̀ tí kò ní gun òkè, tí kò sì ní sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá lè pa èèyàn, èmi kì í bá a ṣírò owó. Síbẹ̀, nínú bíréèkì náà, ìdáhùn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ wo léńnì, ohun tó ń rin mọ́ inú dọ́ọ̀mù (irin roboto ẹ̀yìn táyà) láti dá ọkọ̀ dúró: ojú ń rí i bó ṣe ń jẹ. Tí wọ́n bá ti sọ táyà, tí wọ́n ṣí dọ́ọ̀mù, a ó rí bó ṣe kù sí orí ríbẹ́ẹ̀tì. Tiwa ṣì nípọn dáadáa, a dá a padà, a kọ ọjọ́ tí a ó tún wò ó sílẹ̀.

Omi bíréèkì ni kì í sọ̀rọ̀. Omi yìí máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀rinrin sì ṣe ń pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń yá a lára láti hó. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá jẹ́ tuntun, gbọ́dọ̀ lè gba ooru tó 205°C kó tó hó; tó bá ti fa omi mu dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 140°C ló kù tó gbọ́dọ̀ lè gbà. DOT 4 jẹ́ 230°C nígbà tó wà ní tuntun, ó sì ń já wálẹ̀ sí 155°C. Láàárọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà á bá pẹ́dàlì tó le koko. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù kún, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà ń tẹ bíréèkì léraléra, ooru dọ́ọ̀mù á dé ọ̀dọ̀ omi, omi á hó, oru á wọ inú páìpù, pẹ́dàlì á sì rì wọlẹ̀. Kò sí ariwo kankan ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ orí nìkan ni mo fi ń ṣọ́ omi bíréèkì: tó bá ti pé ọdún méjì, a ó dà á nù pátá, a ó bu tuntun láti inú agolo tí wọn kò tíì ṣí. Họ́ọ̀sì bíréèkì náà wọ ẹgbẹ́ yìí, torí inú lọ́hùn-ún ló ti máa ń wú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. A pààrọ̀ gbogbo wọn, a sì pààrọ̀ rọ́bà inú sílíńdà táyà kọ̀ọ̀kan, tọ̀tún tòsì lọ́jọ́ kan náà kí bíréèkì má baà máa fa ọkọ̀ sápá kan.

Táyà iwájú, bákan náà. Ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (kì í ṣe DOT ti omi bíréèkì). Tí ẹ bá rí 3219, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, máa ń kìlọ̀ pé ká má lo táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀kan nínú ti iwájú wa ti kọjá bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín rẹ̀ ṣì ga. Méjèèjì la yọ. Tẹ̀yìn jẹ́ méjì-méjì. Bí ọ̀kan bá bẹ́, èkejì á gbé ọkọ̀ dúró títí dẹ́rẹ́bà á fi rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo tẹ̀yìn títí ó fi jẹ, tí a kì í sì í bá tiwájú ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a kúrò lórí ohun tó lè pa èèyàn, ọ̀rọ̀ wá di ti owó, ibẹ̀ ni ẹrù ti wọ̀ ọ́. Gbágùúdá tí wọ́n bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìlà dúdú bí aró á ti yọ nínú rẹ̀, kò sì ní ṣeé tà lówó gidi mọ́. Gàrí lè sùn nínú ọkọ̀. Nítorí náà, páàtì kan náà tí mo lè fi sílẹ̀ ní oṣù tí láfún nìkan là ń kó, mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí gbágùúdá tó dé.

Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù. Òun ló ń yí fáànù, òun náà ló ń yí pọ́ńpù omi. Tó bá já, ẹ́ńjìnnì á gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà kò bá sì tètè pa á, top gasket, ìyẹn ohun tó dí àárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀, á lọ. Ká ní bẹ́líìtì jẹ́ ₦15,000, tí ẹni tó máa fa ọkọ̀ wálé yóò gba ₦150,000. Tí mo bá gbà pé nínú bẹ́líìtì mẹ́wàá tó ti lo irú àkókò tí tiwa lò, ọ̀kan yóò já kí sáà tó parí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ₦150,000 ni ₦15,000. Lórí owó fífà nìkan, ọ̀rọ̀ ti dọ́gba. Kí a tó wá fi top gasket àti ẹrù gbágùúdá kún un, bẹ́líìtì tuntun ti jàre. A pààrọ̀ rẹ̀, a sì fi ti tẹ́lẹ̀, tí kò tíì sán, sábẹ́ ìjókòó fún ọjọ́ ìṣòro. Àwọn họ́ọ̀sì rédíétọ̀, a fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: èyí òkè ti rọ̀ jù, a pààrọ̀ méjèèjì.

Pọ́ńpù omi, a fi sílẹ̀. Ó ní ihò kékeré kan lábẹ́. Tí síìlì inú rẹ̀ bá ti ń lọ, omi á máa kán níbẹ̀. Páàtì tó ń fúnni ní irú ìkìlọ̀ yìí, ojú dẹ́rẹ́bà ló nílò láràárọ̀. Alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún bátìrì, a fi òun náà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ bíi tiwa kò nílò iná láti máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tàn. Tí alternator bá kú lọ́sàn-án, ọkọ̀ á ṣì délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lórí kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ni èmi àti mẹkáníìkì kò ti fẹnu kò. Ó jù mí lọ, “Bàbá” ni mo ń pè é, òun náà a máa pè mí ní Ìyá Láfún. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì ti pẹ́, ká yọ ọ́.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń yọ̀ ni?”

Ó pe dẹ́rẹ́bà. Ọmọ náà ní, “Rárá o, sà. Tí mo bá gbẹ́rù gun òkè, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké ni ọkọ̀ ń lọ.”

Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ ká fi sílẹ̀, torí kílọ́ọ̀ṣì máa ń kọ́kọ́ yọ̀ lórí òkè kó tó kọ̀ pátápátá. Bàbá wá nawọ́ sí abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ọ́ìlì ti ń kán láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà. “Ìyá Láfún, síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lẹ ń wò yẹn. Ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, jíà gbọ́dọ̀ sọ̀, kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ kúrò. Ṣé ẹ fẹ́ kí n dá kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ ju ìdajì lọ padà, kí ẹ tún wá sanwó iṣẹ́ kan náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀?”

Ìdáhùn sí ìbéèrè mi kẹta nìyẹn, mi ò sì bá a jiyàn mọ́. Owó iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe owó páàtì. Bí jíà ṣe sọ̀, a pààrọ̀ síìlì, àwo kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn tó ń tì í àti bíárìn kékeré tó wà lójú ẹ́ńjìnnì. Níbi bíárìn táyà, òdìkejì rẹ̀ la ṣe: a fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò, a fi ọwọ́ pa ojú irin, kò sí àpá, kò sí ibi tí ooru ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Bíárìn padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì tuntun. Síìlì nìkan la pààrọ̀. Kúrọ́ọ̀sì ṣáàfùtù kan, ìyẹn oríkèé ọ̀pá tó ń gbé agbára láti jíà lọ sí táyà ẹ̀yìn, ń mì nígbà tí Bàbá yí i lọ́wọ́, a yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ṣáàfùtù tó bá já sílẹ̀ lórí eré lè fa páìpù bíréèkì ya.

Ríra páàtì gba sùúrù ju títú ọkọ̀ lọ. ANAMMCO kó ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes jọ ní Emene, lẹ́bàá Enugu, ọkọ̀ wọn ṣì kún ojú ọ̀nà, nítorí náà páàtì kò ṣọ̀wọ́n. Ojúlówó ló ṣọ̀wọ́n. Ní Arárọ̀mí, Gate, n'Íbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ ó rí òríṣi mẹ́ta fún páàtì kan: ojúlówó, tòkunbọ̀ àti ayédèrú. Ìlànà tèmi ni pé irin lè jẹ́ tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ra rọ́bà tòkunbọ̀ láé, torí ọdún tó ti lò nílùú òyìnbó ti wà lára rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bíárìn, mo máa ń mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ká fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, ká yí méjèèjì sí etí. Tó bá jẹ́ pé ayédèrú nìkan ló wà lọ́jà, èyí tó wà lára ọkọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sàn jù ú lọ, mi ò ní yọ ọ́.

A kò ṣe gbogbo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Bíréèkì àti táyà kọ́kọ́ lọ, a lo ọkọ̀ wò, lẹ́yìn náà ni ti ẹ́ńjìnnì, ti jíà ló kẹ́yìn. Tí nǹkan tuntun bá fẹ́ da wá láàmú, mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́. Ẹrù àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ gàrí, ibi tí kò jìnnà la sì ń gbé e lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí 50 kìlómítà, dẹ́rẹ́bà á dúró, á tún àwọn nọ́ọ̀tì táyà dì, á fọwọ́ kan dọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan bóyá ọ̀kan gbóná ju ìyókù lọ.

Torí pé mítà ti kú, lítà dísù ni mo fi ń ka ìrìn ọkọ̀. Gbogbo epo tó bá wọ táǹkì ni mo ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹrù tó gbé. Ní tèmi, ó tilẹ̀ dára ju kìlómítà lọ fún ẹ́ńjìnnì, torí kìlómítà kan pẹ̀lú ẹrù lórí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ kìlómítà kan pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo. Iye lítà tí bẹ́líìtì, fílítà àti ọ́ìlì ti lò wà nínú ìwé náà níwájú orúkọ wọn. Nọ́sù, tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, àti pọ́ńpù dísù ni a kò fọwọ́ kàn rárá: kò sí èéfín dúdú, ọkọ̀ ń tàn láàárọ̀ láìjà, kò sì mu epo ju bó ṣe ń mu lọ. Bí iye lítà bá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, tí ẹrù kò yí padà, tí ọ̀nà kò yí padà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe calibration, ìyẹn títún nọ́sù àti pọ́ńpù dísù ṣe kí wọ́n máa fún epo bó ṣe yẹ, ló kàn.