Bí A Ṣe Ń Rin Ọ̀nà Appalachian Ní Ìpín-Ìpín, Bẹ̀rẹ̀ Láti Òkè Springer

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ sí Appalachian Trail gùn ní nǹkan bí 3,500 kìlómítà. Orí òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó la ìpínlẹ̀ 14 kọjá ní Amẹ́ríkà, ó sì parí sí orí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine. Benton MacKaye ni ó dá àbá rẹ̀ ní ọdún 1921, ọdún 1937 sì ni wọ́n là á já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò lò tó oṣù márùn-ún sí méje nínú igbó, èyí tí ẹni tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ tí ó sì ń tọ́ ọmọ kò lè rí yọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn ín ní ìpín-ìpín: ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún tí ń bọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá dúró sí ni wọn yóò ti tún gbéra.

Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀ pọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí kò sì ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ sí wọn nínú ọkọ̀. Àwọn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti òkèèrè wá lè tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Ìrìn fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ohun tí ó ń dá wọn dúró ni bí wọn yóò ṣe dé ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe kúrò níbi tí ó parí sí, nítorí pé inú igbó ni méjèèjì wà, bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀, a kì í sì í sábà rí takisí pè níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ó jáde sí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

Ẹ gbé máàpù sílẹ̀, kí ẹ wá gbogbo ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti dábùú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ní Georgia, àlàfo tí ó wà láàárín òkè méjì ni títì máa ń gbà kọjá, wọ́n sì ń pe irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ní Gap. Láti orí Springer, Woody Gap jìnnà tó nǹkan bí 33 kìlómítà, Neel Gap tó 50, Unicoi Gap tó 84, Dicks Creek Gap sì tó 111. Ààlà Georgia àti North Carolina ń bẹ ní nǹkan bí kìlómítà 126, ṣùgbọ́n kò sí títì níbẹ̀, nítorí náà kò ṣe é fi ṣe òpin ìrìn ẹni tí ó fẹ́ padà sílé. Àárín ibi méjì tí ọkọ̀ lè dé ni a ń pè ní ìpín kan. Ẹni tí kò tíì sun inú igbó rí kò gbọdọ̀ mú ju Neel Gap lọ, Woody Gap gan-an sì tó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ni mo gbé ọkọ̀ mi sí, mo sì bá awakọ̀ kan ṣe àdéhùn pé kí ó wá gbé mi ní òpin ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Òjò dá mi dúró, agogo méje ti kọjá kí n tó jáde sí títì, fóònù mi kò rí nẹ́tíwọ̀kì, awakọ̀ náà sì ti dúró títí kí ó tó lọ. Èmi ni mo jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọkọ̀ mi sí òpin ìrìn, tí mo sì ń jẹ́ kí awakọ̀ gbé mi láti ibẹ̀ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. A lè mọ wákàtí tí a ó gbéra láìṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí wákàtí tí òun yóò parí. Bí ọkọ̀ yín bá ti ń dúró dè yín ní òpin, ẹ kò ní máa sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta tí ń yọ̀ nítorí àdéhùn ẹlòmíràn.

Ní Neel Gap, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ síwájú ilé ìtajà tí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí pé àyè ibẹ̀ wà fún ẹni tí ó dúró díẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí Byron Reece tí ó wà lẹ́bàá títì kan náà, tí kò tó kìlómítà kan sí ibẹ̀, ni àwọn tí yóò sun igbó máa ń lò. Ẹ má fi ohun olówó iyebíye sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ má sì lẹ ìwé mọ́ gíláàsì pé ẹ ó dé ní ọjọ́ báyìí-báyìí.

Bí ẹ ó ṣe dé orí Springer

Àwọn awakọ̀ kan wà ní àwọn ìlú kéékèèké ẹ̀bá òkè, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígbé àwọn arìnrìn-àjò lọ síbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, ẹ sọ iye ènìyàn àti iye àpò, ẹ béèrè iye owó àti bóyá owó kan náà ni fún ẹnì kan àti fún ènìyàn mẹ́rin, kí ẹ sì tún pè ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn. Láàárín oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, àwọn tí ń rin gbogbo ọ̀nà náà máa ń pọ̀ ní Georgia, awakọ̀ a sì ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Atlanta, lè wọ ọkọ̀ ojú irin MARTA ti ìlà pupa láti inú pápákọ̀ náà dé North Springs ní ìhà àríwá ìlú, kí ó sì ní kí awakọ̀ pàdé òun níbẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà méjì ni ó sì dé orí Springer. Èkíní ni ọ̀nà igbó tí wọ́n ń pè ní Forest Service Road 42, tí ó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, tí ó ń yí gbirigbiri, tí ó sì máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé ó máa ń rú àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ lójú: ibi ìgbọ́kọ̀sí náà kò sí ní orí òkè, ó kọjá orí òkè sí ìhà àríwá ní nǹkan bí kìlómítà kan àbọ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ rin sẹ́yìn sí gúúsù láti gun orí òkè, ẹ ó fọwọ́ kan àmì irin tí wọ́n kàn mọ́ òkúta níbẹ̀, ẹ ó sì padà gba ọ̀nà kan náà kí ẹ tó máa lọ. Ẹ ka ìrìn sẹ́yìn yìí mọ́ ti ọjọ́ kìíní.

Èkejì ni láti bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà Amicalola Falls, níbi tí omi ti ń já láti gíga mítà 222. Títì ọ̀dà dé ibẹ̀, ẹ̀rù kò sì ba ọkọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí Springer jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 14, àtẹ̀gùn 604 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, bẹ́ẹ̀ ni kìlómítà wọ̀nyí kò sí nínú iye tí a ń kà fún Appalachian Trail. Ibẹ̀ rẹwà púpọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ọjọ́ mẹ́rin péré kò gbọdọ̀ ná ọjọ́ kan àti orúnkún rẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣirò ọjọ́

Ní ọdún 1892, William Naismith, ará Scotland, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí a ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tí a bá gùn. Ẹni tí kò ru ẹrù ni èyí bá mu. Èmi máa ń fi ìdajì iye náà lé e fún ẹni tí ó ru àgọ́ àti oúnjẹ. Bí ìrìn bá jẹ́ kìlómítà 14 àbọ̀, tí gígun inú rẹ̀ sì tó mítà 600, ìlànà náà yóò fún wa ní wákàtí mẹ́rin; èmi yóò kà á sí mẹ́fà, láìtíì ka ìsinmi àti oúnjẹ.

Báyìí ni mo ṣe máa ń pín Springer sí Neel Gap. Ní ọjọ́ kìíní, láti ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sí orí òkè, kí a padà, kí a sì rìn dé ahéré Hawk Mountain, ó jẹ́ kìlómítà 14 àbọ̀. Ọjọ́ kejì dé ahéré Gooch Mountain, kìlómítà 12. Ọjọ́ kẹta kọjá Woody Gap dé Lance Creek, nǹkan bí kìlómítà 14. Kò sí ahéré níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè àgọ́ àti omi wà. Ọjọ́ kẹrin ni ti Blood Mountain, tí ó ga ju gbogbo òkè tí ọ̀nà yìí gbà kọjá ní Georgia lọ, ní mítà 1,359, lẹ́yìn náà ni a ó sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta sí Neel Gap. Mo fi Woody Gap sí àárín mọ̀ọ́mọ̀, torí pé títì wà níbẹ̀: ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn tàbí tí òjò bá ti mú lè jáde lọ́jọ́ kẹta. Gbogbo ètò ni ó gbọ́dọ̀ ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì ti kọ nọ́ńbà awakọ̀ tí ó lè dé ibẹ̀ sínú ìwé.

Àwọn ahéré wọ̀nyí ní òrùlé àti ògiri mẹ́ta, iwájú wọn ṣí sílẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń rí àyè, nítorí náà ẹ má tìtorí wọn fi àgọ́ sílẹ̀ nílé. Àmì funfun tí a fi ọ̀dà kùn sára igi, tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 tí ó sì ga ní 15, ni yóò máa júwe ọ̀nà. Àmì búlúù ń tọ́ka sí omi, ahéré tàbí ẹ̀ka ọ̀nà. Bí ẹ bá rí funfun méjì tí ọ̀kan wà lókè èkejì, ẹ dúró kí ẹ wò yíká, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn.

Ẹrù àti oúnjẹ

Ẹrù tí ó bá ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹni lọ yóò fìyà jẹ ẹni. Oúnjẹ gbígbẹ tí ó tó gíráàmù 700 sí 900 tó ènìyàn lójúmọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń gbé núdù àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tí ó dára tó gàrí Ìjẹ̀bú fún iṣẹ́ yìí: kò wúwo, kì í bàjẹ́, omi tútù sì tó o. Pẹ̀lú ẹ̀pà, mílíìkì oníyẹ̀fun àti ṣúgà, agbára inú rẹ̀ pọ̀. Àǹfààní kejì ni pé agolo gáàsì ìdáná kò ṣe é gbé wọ ọkọ̀ òfurufú, yálà lọ́wọ́ tàbí nínú ẹrù, nítorí náà ẹni tí ó bá fò wá gbọ́dọ̀ rà á lẹ́yìn tí ó bá dé, tàbí kí ó bẹ awakọ̀ láti bá a rà á sílẹ̀. Ẹni tí ó gbé gàrí lè rìn ọjọ́ méjì láìdáná bí gáàsì bá tán. Omi tí a ó fi mu ún gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ omi kọjá tàbí kí a sè é, bí odò náà ti wù kí ó mọ́ tó, nítorí kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ẹja gbígbẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀ nílé. Béárì dúdú wà nínú igbó yìí, imú wọn sì mú. Gbogbo ohun tí ó bá ní òórùn, títí kan ọṣẹ ìfọyín, ni a gbọ́dọ̀ fi okùn irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré so sókè lálẹ́. Láàárín Jarrard Gap àti Neel Gap, ẹni tí yóò bá sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà gbọ́dọ̀ ní agolo líle tí béárì kò lè ṣí. Lance Creek wà ṣáájú Jarrard Gap, ìdí tí mo fi ń sùn níbẹ̀ nìyí. Òfin lè yí padà, nítorí náà ẹ wo ojú ìwé Ilé-iṣẹ́ Igbó ìjọba Amẹ́ríkà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ.

Òtútù ni mo bẹ̀rù ju béárì lọ. Yìnyín lè bọ́ lórí òkè wọ̀nyí ní oṣù kẹta nígbà tí oòrùn ń ràn ní Atlanta. Aṣọ òwú tí ó bá ti tutù kì í gbẹ, ó sì ń fa ooru kúrò lára. Ẹ lo aṣọ onírun àgùntàn tàbí irú èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń wọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀wù kan pamọ́ sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, fún òru nìkan.

Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ nílé

Ẹ kọ ètò náà sínú ìwé fún ẹnì kan tí yóò máa retí yín: ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, irú ọkọ̀ yín àti ibi tí ó wà, nọ́ńbà awakọ̀, àti wákàtí tí ó gbọ́dọ̀ pe 911 bí kò bá tíì gbọ́ ohùn yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ń bá mi ṣe èyí. Wákàtí 12 lẹ́yìn ìgbà tí mo retí láti jáde ni àdéhùn wa, kí àyà rẹ̀ má baà já lásán nítorí pé ẹsẹ̀ mi falẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì máa ń wá lórí òkè ju inú àfonífojì lọ, nítorí náà ẹ gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mú ti bébà pẹ̀lú.

Fún àwọn tí kò sí ní Georgia, ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn dé ọ̀nà kan náà níbòmíràn. Láti Washington, ọkọ̀ ojú irin ń dúró ní Harpers Ferry, ọ̀nà náà sì gba àárín ìlú yẹn kọjá. Ní New York, ibùdókọ̀ kan wà nítòsí Pawling tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ Appalachian Trail, ní òpin ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ sì máa ń dúró níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ dé Neel Gap, ẹ ó rí i pé inú ilé olókùúta kan ni ọ̀nà gbà kọjá, ibẹ̀ nìkan sì ni ọ̀nà yìí ti gba abẹ́ òrùlé ilé kọjá láti Georgia dé Maine. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ yín, ẹ kọ ọjọ́ náà àti igi tàbí ògiri tí ẹ ti rí àmì funfun ìkẹyìn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni awakọ̀ yóò já yín sí nígbà tí ń bọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọkọ̀ yín sí Unicoi Gap.