Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi: bí mo ṣe gbé server géèmù ìbọn kalẹ̀ nílé

Àwa márùn-ún la jọ ra géèmù ìbọn kan, a sì ń pàdé lórí rẹ̀ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì fún ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, ilé-iṣẹ́ tó ni ín kéde pé àwọn fẹ́ pa server rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń wọlé sí ká lè bá ara wa ṣeré. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá pé, wọ́n pa á lóòótọ́. Géèmù náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wa títí dòní, owó tí a fi rà á ti wọ àpò wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń wọlé bá àwọn ẹlòmíràn, àmì kékeré kan á kàn máa yí lójú kan ni. Inú bí mi gan-an. Mo sọ fún àwọn yòókù pé a ò ní ṣe eré kankan mọ́ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, pé èmi fúnra mi ni màá gbé server wa kalẹ̀.

Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí, ó sì ná mi lówó tí kò yẹ kí n ná.

OpenArena, géèmù ìbọn mìíràn, ni mo mú. Ìdí ni pé nígbà tí id Software gbé Quake III Arena jáde lọ́dún 1999, wọ́n ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè gbàlejò lórí rẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2005, wọ́n fi kóòdù rẹ̀ síta lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó, kó sì tún un ṣe. Orí kóòdù yẹn ni wọ́n kọ́ OpenArena lé. Ọ̀fẹ́ ni, ètò server rẹ̀ wà nínú ẹrù kan náà tí ẹ gbà wálẹ̀, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kan tó lè jí lọ́la kó ní òun ti pa á. Bẹ́ẹ̀ sì ni eré yìí ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Doom ti ọdún 1993 gba èèyàn mẹ́rin lórí wáyà tó so kọ̀ǹpútà pọ̀, Quake ti ọdún 1996 gbé e dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ní ẹ̀rọ nílẹ̀ ló sì ń gbàlejò. Ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kó gbogbo server sọ́dọ̀ ara wọn ni ìyà yìí bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń gba géèmù wálẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mi ò lò mọ́ ni mo fi ṣe server. Nínú fáìlì tí ètò server ń kà, mo kọ orúkọ server sí sv_hostname, mo fi g_needpass sí 1, mo sì kọ pásíwọọ̀dù sí g_password kí àjèjì má baà já lù wá. Ìlà kan tó yẹ kí ẹ fiyè sí ni dedicated: bí ẹ bá fi í sí 2, server yín á lọ kéde ara rẹ̀ fún gbogbo ayé, bó bá jẹ́ 1, á dákẹ́ síbi tó wà, ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì rẹ̀ ló máa rí i. 1 ni mo fi í sí. Àbúrò mi wọlé láti yàrá kejì, a yìnbọn fún ara wa fún wákàtí kan gbáko, ohunkóhun ò ṣe é. Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin tó kù. Wọ́n tẹ connect, wọ́n sì dúró. Ohun tí gbogbo wọn rí ni “Awaiting challenge... 1”, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 3. Ọ̀kan nínú wọn ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tó dé 40. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kọ̀ǹpútà tiwọn ń kanlẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Iye ìgbà tó ti kàn án ni nọ́ńbà yẹn.

Router ilé, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà inú ilé, kì í jẹ́ kí àjèjì wọlé, àfi tí ẹ bá sọ fún un pé ohunkóhun tó bá wá sí port báyìí, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ní nọ́ńbà báyìí, kó gbé e fún kọ̀ǹpútà báyìí. Port 27960 ni OpenArena ń lò, UDP sì ni ọ̀nà tí ìsọfúnni rẹ̀ ń gbà rìn. Mo mọ èyí, mo sì ṣe é. Mo fún kọ̀ǹpútà server ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà nínú ilé, kí router má baà máa mú àlejò lọ síbi tí kò séèyàn. Mo ṣí i nínú firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà náà, pẹ̀lú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, a tún dán an wò. Awaiting challenge.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sórí ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀. Ìkànnì kan tí wọ́n ti ń yẹ port wò ni mo ń lò, èsì rẹ̀ nígbà gbogbo sì ni pé port mi tì. Mo pààrọ̀ nǹkan, mo padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó tì. Ọjọ́ karùn-ún ni mo tó rí i pé TCP, ọ̀nà mìíràn tó máa ń tún ìsọfúnni tó bá sọnù fi ránṣẹ́, ni ìkànnì yẹn ń yẹ̀ wò. UDP sì ni géèmù ìbọn ń lò, torí pé bí ìsọfúnni kan bá sọnù lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó fẹ́ dúró kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Ibi tí ọ̀tá wà nísinsìnyí lẹ fẹ́ mọ̀, kì í ṣe ibi tó ti kúrò. Nítorí náà, port yẹn ì báà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìkànnì yẹn á ṣì máa sọ pé ó tì. Ọjọ́ márùn-ún gbáko! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo wá pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gbé fóònù ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa router yín, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un tàn.” Mo ṣe é. Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, ẹlòmíràn ló gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Mo bi í ní tààrà: “Ṣé ẹ̀ ń dí port kankan lọ́dọ̀ yín ni?” Ó ní rárá o sà, àwọn kì í dí port kankan. Nígbà tí mo mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, èsì yẹn ló dùn mí jù, torí pé kò parọ́. Lóòótọ́, wọn ò dí port kankan. Ohun tí mo béèrè nìkan ló dáhùn, èyí tí mo nílò láti mọ̀ kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó jọ pé router mi ti gbó. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo lọ ra òmíràn, olówó gọbọi, wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ti àwọn eléré géèmù ni. Mo so ó mọ́lẹ̀, mo ṣí port, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi. Awaiting challenge.

Ìlà kan ṣoṣo ló tú àṣírí náà. Nínú ojú ewé router tuntun yẹn, wọ́n kọ àdírẹ́sì tí router gbà láti ìta, èyí tí wọ́n ń pè ní WAN. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72. Mo ṣí ìkànnì tó ń sọ àdírẹ́sì ẹni fún ni, nọ́ńbà mìíràn pátápátá ló fún mi. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan náà ló yẹ kí àwọn méjèèjì jẹ́.

Láti 100.64 títí dé 100.127 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 2012 fún àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì gbangba kan. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Irú àdírẹ́sì yìí, tí wọ́n ń pè ní IPv4, tó lè wà kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, kò sì kárí ayé mọ́, nítorí náà mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ wò ó bí agboolé ńlá kan tó ní géètì ẹyọ kan. Ẹni tó bá ti inú yàrá rẹ̀ jáde, aṣọ́gbà rí i, ó mọ yàrá tó ti wá, bí èsì ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì dé, á júwe ibẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá ṣàdédé ti ìta dé, tó ní 27960 lòún ń wá, aṣọ́gbà ò mọ yàrá tó máa mú un lọ, á dá a padà ni. Èmi wá wà nínú yàrá, mò ń ṣí ilẹ̀kùn, mò ń tì í, mo tún lọ ra ilẹ̀kùn tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá àwọn ọ̀rẹ́ mi padà.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan yòókù fi ń ṣiṣẹ́. Fídíò ń ṣí, ìròyìn ń ṣí, kódà géèmù tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jáde lọ bá server níta ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbàlejò lẹ máa tó mọ̀. Bí ẹ̀rọ géèmù yín (console) bá ń sọ fún yín pé NAT yín jẹ́ Strict, ìyẹn pé ẹnu ọ̀nà yín le fún àlejò, tí ẹ ò gbọ́ ohùn àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín tàbí tí ẹ ò lè wọlé bá wọn, ẹ kọ́kọ́ fi àdírẹ́sì méjèèjì yẹn wéra kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo ní, “Ṣé ẹ fi mí sẹ́yìn CGNAT ni?” Ẹni náà dákẹ́, ó ní kí n dúró, ó gbé mi fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, ibẹ̀ la fi gbogbo ilé sí. Bí ẹ bá fẹ́ àdírẹ́sì gbangba, owó oṣooṣù wà lórí ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yìí ni wọn ò fún mi nígbà mẹ́ta tí mo ti pè tẹ́lẹ̀, èmi sì ti ra router.

Mo san owó oṣù kan. Lọ́jọ́ kejì, àdírẹ́sì méjèèjì bára mu rẹ́gí. Nígbà tó di alẹ́, mo jókòó síwájú server, orúkọ àkọ́kọ́ wọlé, ìkejì tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹnì kẹrin dé mo pariwo débi pé àbúrò mi sáré wá wò ó bóyá nǹkan kan ṣe mí. Aago méjì òru la tó tú ká.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ń rí Awaiting challenge. Àdírẹ́sì gbangba tí mo ń sanwó rẹ̀ ti yí padà lóru. Wọ́n ní èyí tí kì í yí padà ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní dynamic DNS, tó ń jẹ́ kí orúkọ kan máa tẹ̀ lé àdírẹ́sì yín káàkiri, ìyẹn ì bá sì tó. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi kọ́bọ̀ kún owó wọn mọ́.

Tailscale, ètò tó ń so kọ̀ǹpútà tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ bí ẹni pé ilé kan ni wọ́n wà, ni mo yà sí. Olúkúlùkù wa fi í sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àwa márààrún di ará ilé kan náà, server mi sì gba àdírẹ́sì tí àwọn yòókù lè tẹ̀. Àdírẹ́sì náà tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, torí pé àárín ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún CGNAT náà ni Tailscale ti ń mú tirẹ̀. Àyà mi kọ́kọ́ já nígbà tí mo rí i. Kò sí port tí mo ṣí. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹnì kan nínú wa ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò rí tèmi ní tààrà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń gba ọwọ́ server alárinà kọjá, ping rẹ̀, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni ń lò ní àlọ àti àbọ̀, sì wà ní millisecond 180 nígbà tí tàwọn tó kù kò ju 60 lọ. Nígbà tó kúrò lórí Wi-Fi tó ń lò níbi iṣẹ́, tó padà sórí ti ilé, ó balẹ̀ sí 55.

Ohun tí mo fi ń yangàn jù ni bí eré náà ṣe ń lọ báyìí. Ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni server OpenArena máa ń sọ ibi tí oníkálukú wà, ìyẹn ní gbogbo millisecond 50 (ẹgbẹ̀rún millisecond ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Mo gbé sv_fps, ìlà tó ń darí iye ìgbà yẹn, dé 40, mo ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi gbé snaps, iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà tiwọn ń gbà á, dé 40 pẹ̀lú, ó di gbogbo millisecond 25. Mo tan g_delagHitscan, kí ìbọn tó ń dé ojú ẹsẹ̀ bíi railgun lè bá ẹni tí ẹ rí lójú yín gan-an. Láìsí i, ẹ ní láti yìn ín síwájú ẹni tó ń sáré, kí ẹ máa ro iye ping yín mọ́ ọn, èyí sì ń rẹ́ ẹni tó jìnnà sí server jẹ. Gbogbo wa tan cg_lagometer, àwòrán kékeré tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìlà pupa níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ìsọfúnni sọnù. Ibẹ̀ la ti rí i pé Wi-Fi ló ń ṣe méjì nínú wa. Wọ́n fi wáyà sí i, pupa náà sì lọ.

Bó bá jẹ́ òní ni mo bẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì WAN ni màá kọ́kọ́ wò, kí n tó kọ ìlà kankan sínú server. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.64 sí 100.127, tàbí 10, tàbí 192.168, tí wọn kì í ṣe àdírẹ́sì gbangba, mi ò ní ṣí port, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni, Tailscale ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ gba èrò tí kò mọ̀ rí sórí server tirẹ̀ ló yẹ kó sanwó àdírẹ́sì gbangba, tàbí kó háyà server tó wà níta ilé.

Mo ti dá router àtijọ́ padà síbi tó wà, kò sí ohun tó ṣe é. Tuntun wà nínú páálí rẹ̀. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní òun ò lè gbà á padà torí pé mo ti tú u.