Bí orí àgbàlagbà bá dàrú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún

Ẹ̀yin ará wa l'Ábẹ́òkúta, bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ oríkèé orúnkún tàbí ti ìbàdí fún ìyá tàbí bàbá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Láàárín ọjọ́ 1 sí 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, orí wọn lè dàrú lójijì. Wọ́n lè ní ilé àwọn n'Ítòkò làwọn wà, kí wọ́n fẹ́ fa okùn omi ọwọ́ wọn yọ. Alẹ́ ló máa ń le jù. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ti ẹni tó dákẹ́, tó ń sùn ṣáá, ni wọn kì í tètè fura sí.

Ẹ pe nọ́ọ̀sì kíákíá. Ó lè jẹ́ ìrora, àìmu omi tó, ìgbẹ́ tó há, ìtọ̀ tí kò jáde tàbí kòkòrò àrùn ló fà á.

Ẹ mú awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọn dání. Kí ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa jókòó tì wọ́n, kó máa sọ jẹ́jẹ́ pé: "Màmá, ọsibítù la wà, Ọjọ́rú lòní, wọ́n ti ṣe orúnkún yín tán." Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má dè wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣí kọ́tìnnì lọ́sàn-án, ẹ dín iná kù lálẹ́.

Ẹ má yọ́ fún wọn ní Piriton tàbí Valium kí wọ́n lè sùn. Ó lè dá kún un. Bí wọ́n bá sì ń mu ògógóró tàbí lo oògùn oorun lójoojúmọ́, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ má tijú: dídá a dúró lójijì náà máa ń da orí rú.