Ọkàn Akin Kò Sí Lórí Àtẹ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Eléré Ìdárayá

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní eré sísá ń náwó sórí ohun tí kò gba owó. Àwọn òbí wọn ń yáwó tì í, tí ìdíje bá sì dé, àyà wọn á tún máa já bó ṣe máa ń já tẹ́lẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú aago tó ń ka ìlù ọkàn lọ́rùn ọwọ́. Ó ti san owó ọdún kan gbáko fún áàpù tó ń kọ́ni ní ìfarabalẹ̀, ó sì ti ra ìrọ̀rí ìjókòó tí wọ́n ṣe fún un lọ́tọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló jókòó kẹ́yìn, kó kàn jókòó, kó fọkàn sí èémí ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wolẹ̀, kò lè fèsì.

Ìfarabalẹ̀ ni à ń sọ, ìyẹn kéèyàn jókòó kó máa fọkàn sí èémí ara rẹ̀; mi ò ní fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ gba àkókò yín ju ìyẹn lọ. Àwọn ibi tí owó àti agbára yín ń bá lọ ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

1. Ríra irinṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 1979, Jon Kabat-Zinn dá ẹ̀ka ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn tí ìrora àti ìdààmú ọkàn kò fi lọ́rùn sílẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yìí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ètò náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ṣe é nílé lójoojúmọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ohùn ni wọ́n ń kó fún wọn lọ sílé. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló kọ́ àwọn eléré Amẹ́ríkà tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lórí omi, tí wọ́n ń múra Òlíńpíìkì 1984. Nígbà tó yá, George Mumford, olùkọ́ ìfarabalẹ̀, kọ́ àwọn Chicago Bulls, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Michael Jordan wà níbẹ̀, ó sì tún kọ́ ẹgbẹ́ Lakers ti Kobe Bryant. Phil Jackson ni kóòṣì ẹgbẹ́ méjèèjì nígbà náà. Àwọn wọ̀nyẹn lówó tí wọ́n lè fi ra ohunkóhun, síbẹ̀ àga, èémí àti ìjókòó ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ jókòó fún oṣù kan. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra aago lẹ́yìn ìyẹn, ó kù sọ́wọ́ yín.

2. Lílé èrò kúrò lórí

Àṣìṣe yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sílé. Wọ́n jókòó, wọ́n dijú, wọ́n ní kí èrò má wá. Èrò dé. Wọ́n á wá bá mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò lè ṣe é, ọkàn mi ò dúró sójú kan." Ta ni tirẹ̀ dúró? Lọ́dún 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ronú kan béárì funfun rárá, àti pé bó bá ti sọ sí wọn lọ́kàn, kí wọ́n lu agogo. Agogo ò yéé dún. Nígbà tí wọ́n wá gbà wọ́n láyè láti ronú nípa rẹ̀, béárì náà gba ọkàn wọn ju ti àwọn tí wọn ò kọ́kọ́ kà á léèwọ̀ fún lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó dúró lórí ìlà tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé "má bẹ̀rù, má bẹ̀rù" nìyẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ẹ jókòó. Ẹ wá ibi tí èémí ti hàn sí yín jù, ó lè jẹ́ ihò imú, ó lè jẹ́ ikùn. Ẹ fọkàn síbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọkàn á fi ṣí lọ sórí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ lánàá. Ẹ ó rí i pé ó ti lọ, ẹ ó sì mú un padà láìbú ara yín. Á tún lọ, ẹ ó tún mú un padà. Mímú tí ẹ ń mú un padà yẹn gan-an ni ìdánrawò náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣí lọ nígbà ogún, tó sì mú un padà nígbà ogún, ti ṣiṣẹ́ gidi lọ́jọ́ náà.

3. Dídúró de ọjọ́ ìdíje

Ọmọkùnrin kan tó ń sá mítà 400 kò bá wa jókòó rí nínú ìdánrawò. Ọjọ́ àṣekágbá ló wá rántí, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àwọn eléré jọ sí kí wọ́n tó pè wọ́n jáde. Ó dijú. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́ ni àyà ara rẹ̀ tó ń lù kìkì. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó rò pé àìsàn ti kọlu òun. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, àtàńpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n lára nọ́ḿbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fi ojú wá mi kiri láàárín èrò. Ìlù yẹn kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ìsáré tó le, tí wọ́n ti mọ̀ pé ara ló ń múra iṣẹ́. Kò burú lára wọn mọ́. Òun ló bá a pàdé ní ọjọ́ tí kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá a pàdé.

4. Kí ọjọ́ kan já, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ nù

Ibí yìí ni mo ń bọ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti fi ọjọ́ 21 sí àwọn ọmọ yìí lórí. Wọ́n ní bí èèyàn bá ti ṣe nǹkan fún ọjọ́ 21 láìfo ọjọ́ kan, ó ti mọ́ ọn lára nìyẹn. Ọ̀dọ̀ Maxwell Maltz, oníṣẹ́ abẹ tó ń tún ojú èèyàn ṣe, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ lọ́dún 1960 pé, ó kéré tán, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ àwọn tí òun tọ́jú lára. "Ó kéré tán" ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń tà á ló gé e kúrò. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London wá wọn ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí láàárín. Ẹni tó tètè mọ́ lára jù lo ọjọ́ 18, ìṣirò sì gbé ti ẹni tó pẹ́ jù dé ọjọ́ 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan ṣoṣo kò ba ohunkóhun tó ṣe gúnmọ́ jẹ́.

Ẹ wá wo ohun táwọn áàpù yìí ń ṣe. Wọ́n á máa ka ọjọ́ yín, àwòrán iná á máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà náà. Ọjọ́ tí ẹ bá fò pẹ́nrẹ́n, wọ́n á dá a padà sí òdo. Òdo! Bí ẹni pé ohun tí ẹ ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ ọkàn ti dànù láàárín òru kan.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń sá mítà 800. Kò sí ẹni tó fọkàn síṣẹ́ tó o nínú ẹgbẹ́ wa. Àràárọ̀ ló ń jókòó kó tó wọ bàtà, nọ́ḿbà orí fóònù rẹ̀ sì ń lọ sókè, tayọ̀tayọ̀ ló fi máa ń fi hàn wá. Ni ibà bá dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ṣí fóònù, ó bá òdo. Ó yọ áàpù náà kúrò. Kò jókòó mọ́. Nígbà tó yá, kò wá sí ìdánrawò àárọ̀ mọ́, ó ní òun kì í ṣe ẹni tó lè tẹra mọ́ nǹkan. Ẹni tó ń jí ṣáájú gbogbo wa! Mo bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ kóòṣì, ẹ bá mi wá èyí tó dáa ju ìyẹn lọ, màá sanwó ẹ̀." Mo ní, "Rárá mà, ẹ fowó yín sápò." Ìwé kékeré kan ni mo fún ọmọ náà. Mo ní kó má kọ ọjọ́ tó bá ṣe é síbẹ̀, ọjọ́ tó bá padà wá lẹ́yìn tó ti fo ọjọ́ ni kó máa kọ. Ìlà àkọ́kọ́ tó kọ rèé: "Mo padà lónìí. Ó sú mi. Mo ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta." Orí mi wú nígbà tí mo kà á, ju ìgbà tó gba àmì ẹ̀yẹ lọ.

Ẹ bá mi rò ó. Ọkàn ṣí kúrò lórí èémí, ẹ mú un padà. Ọjọ́ kan já, ẹ padà lọ́jọ́ kejì. Ìdíje kan bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ padà sórí pápá. Ohun kan náà ni à ń kọ́ láti òkè délẹ̀. Ẹni tí kò lè dárí ji ara rẹ̀ nítorí àárọ̀ kan tó fò nínú yàrá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wò ó, báwo ló ṣe fẹ́ dìde nígbà tó bá ṣubú lójú èrò? Ipò kẹrin ni Tobi Amusan ṣe ní ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019, nínú àṣekágbá mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi. Ipò kẹrin ló tún ṣe ní Òlíńpíìkì Tokyo, tí wọ́n sá lọ́dún 2021. Kò sí ipò tó ń dun eléré bí ìkẹrin, nítorí ó rí àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ lójú ara rẹ̀. Ní ìdíje àgbáyé ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún 2022, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá a nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó fọ́ rékọ́ọ̀dù àgbáyé, ó sì gba wúrà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ro iye àárọ̀ tó wà láàárín ìkẹrin àkọ́kọ́ àti wúrà yẹn.

Ojú kejì àṣìṣe yìí ni kí ẹ fẹ́ kó ohun tí ẹ pàdánù jọ. Ẹ fo ọjọ́ méjì, ẹ wá kó ìdánrawò ọjọ́ mẹ́ta lé ọjọ́ kan lórí, iṣan ẹ̀yìn itan á sì já. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Ọjọ́ tó lọ ti lọ, tòní ni kí ẹ ṣe.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké mìíràn rèé. Bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan lójúmọ́. Ẹ má dán an wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó.

Sísun oorun wákàtí mẹ́rin, kí ẹ tún máa wá ìfarabalẹ̀. Ẹ lọ sùn.

"Màá ṣe é tí mo bá ti ráyè." Ẹ ò ní ráyè. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí èyí: ẹni tó bá ti so ohun tó fẹ́ ṣe mọ́ àkókò tàbí ibì kan pàtó máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní in lọ́kàn lọ. Torí náà, ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: "Bí mo bá ti di okùn bàtà òsì tán, màá mí nígbà mẹ́wàá kí n tó dìde." Kí mímí síta pẹ́ ju mímí sínú lọ, nítorí ìgbà tí èémí bá ń jáde ni ọkàn máa ń rọra lù. Bí ẹ bá mí ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ti ń ṣe é dáadáa.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ti àwọn tó ń fi ìfarabalẹ̀ bo ìrora mọ́lẹ̀. Ọmọ kan wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ mìíràn, ó ń tiro, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọkàn ló ń ro òun, kì í ṣe ẹsẹ̀. Mo ní kó fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Ó fi ìka lé ojúgun, ojú kan ṣoṣo, ó sì fà sẹ́yìn bí mo ṣe rọra tẹ̀ ẹ́. Egungun ti sán níbẹ̀. Ìrora iṣan lẹ́yìn iṣẹ́ máa ń tàn kálẹ̀, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó dúró sójú kan lórí egungun, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré, tó tún ń dun yín nígbà tí ẹ jókòó, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ẹ lè tètè gbọ́ ohun tí ara ń sọ ni mo ṣe ń kọ́ yín láti fọkàn sí i.

Ti ọkàn náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí, bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́ tí wọ́n dijú, ńṣe ni yóò máa padà wá bá wọn. Ẹ má fi dandan mú wọn. Kí wọ́n lajú, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n fọkàn sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Bí kò bá rọ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì rí oníṣègùn ọpọlọ.

Ọ̀pọ̀ yín sì ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí pápá pẹ̀lú bàtà yín. Ẹ fara balẹ̀ lórí ìlà, ẹ wá délé, ẹ ń gbá ilẹ̀kùn nítorí èsì ìdánwò tí kò dáa. Ara kan náà ni, èémí kan náà ni. Kí ẹ tó fèsì ọ̀rọ̀ tó bí yín nínú, ẹ mí síta lẹ́ẹ̀kan ná. Kí ẹ tó ṣí lẹ́tà tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ wá ibi tí ẹsẹ̀ yín ti kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí i lọ́jọ́ ìdíje.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin kóòṣì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ yéé pariwo "Fọkàn balẹ̀!" láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Kò sí ẹni tí ariwo mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ rí. Ẹ fún ọmọ náà ní ohun tó lè ṣe: "Gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ." "Sọ èjìká sílẹ̀." Ó parí.

Bó bá sì pàdánù, ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sùn. Bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà dára láti wò, àmọ́ kì í ṣe nínú ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, kó kọ ìlà mẹ́ta: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló rí nínú ara rẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, kí ni yóò yí padà nínú ìdánrawò tó kàn. Bó bá kọ "màá gbìyànjú sí i" sí ìlà kẹta, ẹ dá a padà fún un. Ohun tí ara lè ṣe ni kó kọ síbẹ̀, bíi "màá sá mítà 200 ìkẹyìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí ọrùn mi bá sì ti le, màá sọ èjìká sílẹ̀."