Iná 24V tí kì í dé ìdí kọ́ìlì pé

Bí kọ́ntákítọ̀ 24V (súwíìṣì tí kọ́ìlì, ìyẹn wáyà wíwé tó ń di mágínẹ́ẹ̀tì, ń fà pa) bá ń ṣe tá-tá-tá tí kò fà mọ́ra, ẹ má tíì sáré ra òmíràn. Ẹ wo wáyà tó gbé iná lọ bá a. Ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin ohun èlò iná, ní kí kọ́ntákítọ̀ lè fà bí iná bá lọ sílẹ̀ dé ìdá 85 nínú 100 iye tí wọ́n kọ sára kọ́ìlì, 20.4V nìyẹn. Bó bá kéré sí i, kò dájú mọ́.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi a máa tú wáyà kúrò lára kọ́ìlì kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. 24V á yọ, wọ́n á ní iná pé. Wáyà tí iná kò sáré nínú rẹ̀ kò lè jẹ fóltì kankan! Ẹ jẹ́ kí kọ́ìlì wà níbẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ẹ wá fi ẹnu mítà ìwọn-fóltì kan A1 àti A2, orí méjèèjì kọ́ìlì náà.

Ká ní fáàfù oníkọ́ìlì kan ń fa ámpíà 1, ó sì jìnnà ní mítà 100 sí pánẹ́ẹ̀lì, àpótí tí iná 24V ti ń wá. Wáyà bàbà olókùn wẹ́wẹ́ 0.75mm² ní ohm 0.026 nínú mítà kan. Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà 200 lẹ ó ṣírò: ohm 5.2. Ẹ fi ámpíà 1 sọ ọ́ di púpọ̀, 5.2V ti lọ. Bíi 19V ló kù. Bẹ́ ẹ bá lo 2.5mm², bíi 1.6V péré ni yóò lọ.

Bí ìṣirò bá dára tí iná ò sì pé, ẹ wá tẹ́míínà (ibi tí sukúrù ti di wáyà mú) tó dẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ẹ fi ẹnu mítà kan sí wáyà tó wọlé, èkejì sí èyí tó jáde. Mílífóltì díẹ̀ kò burú. Odidi fóltì kan? Sukúrù ti tú nìyẹn, tàbí bàbà ti dípẹtà. Ẹ má gbàgbé wáyà ìpadàbọ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ́ìlì jọ ń lò: ámpíà gbogbo wọn ló ń gba inú rẹ̀.

Bí wáyà ńlá kò bá ṣeé fà, mo fẹ́ràn kí n gbé rìléè kékeré (súwíìṣì oníkọ́ìlì tí kì í fa iná púpọ̀) sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù, kí n wá fún fáàfù ní páwà sọ́pùláì tirẹ̀ níbẹ̀. Kọ́ìlì rìléè tó ń fa ámpíà 0.04 yóò pàdánù 0.2V péré lórí wáyà 0.75 yẹn. Ẹlòmíràn a máa yí páwà sọ́pùláì sókè sí 27V. Kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ ka iye fóltì tí wọ́n kọ sára gbogbo ohun tó wà nítòsí pánẹ́ẹ̀lì, torí àwọn ni yóò gba 27V náà ní kíkún.