Bí Mo Ṣe Pa Ìrora Orúnkún Màmá Kan Láìgba Agbára Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tó ń pa ara láti ìbàdí wá sílẹ̀, tó láti fi pààrọ̀ orúnkún, ṣùgbọ́n kò lè bá aláìsàn dé òru. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, agbára rẹ̀ a tán, egungun tí wọ́n gé àti awọ tí wọ́n rán a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ màmá kan lé mi lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà akunnilóorun ní Àkúrẹ́, ẹni ọdún 66 tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, òru ọjọ́ iṣẹ́ abẹ àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kọ́kọ́ rò. Oníṣẹ́ abẹ fẹ́ kó dìde rìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí ẹni tó bá pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, orúnkún tuntun náà sì lè gan.

Iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìrora orúnkún lọ sí ọpọlọ ju ẹyọ kan lọ. Iṣan femoral, tó gba ibi tí itan ti pàdé ikùn kọjá, ló ni èyí tó pọ̀ jù níwájú. Ẹ̀ka iṣan sciatic àti ti obturator ló pín ẹ̀yìn mọ́wọ́. Bí a bá gún òògùn sẹ́bàá femoral lókè níbẹ̀, ìrora iwájú orúnkún a rọlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n iṣan kan náà ló ń darí iṣu ẹran iwájú itan tí a fi ń na ẹsẹ̀. Bí òun náà bá kú, orúnkún a yẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò sì mọ oníṣẹ́ abẹ tó fẹ́ kí aláìsàn òun ṣubú lórí orúnkún tuntun. Mo yàn láti sọ̀ kalẹ̀ sí àárín itan, sínú ọ̀nà tóóró tí à ń pè ní adductor canal, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀ka tó ń fún itan lágbára ti yà kúrò, tí ẹ̀ka saphenous, tí í ṣe ti ìmọ̀lára nìkan, sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Nítorí pé òògùn ibẹ̀ kì í sábà tó ẹ̀yìn orúnkún, mo pinnu láti fi abẹ́rẹ́ kejì kún un, èyí tí à ń pè ní iPACK. Ní tèmi, ibi tí òògùn bọ́ sí ṣe pàtàkì ju bó ti pọ̀ tó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo lọ bá màmá ní wọ́ọ̀dù. Mo béèrè bóyá ó ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bóyá ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tẹ́lẹ̀, nítorí èyí tí a kò bá kọ sílẹ̀ ṣáájú, abẹ́rẹ́ ni wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù lẹ́yìn náà. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó wá ní, “Dókítà, ọmọ mi, ṣé abẹ́rẹ́ yìí ò ní sọ mí di arọ?” Mo dáhùn pé, “Màmá, kó pa iṣan lára ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní fi pa mọ́ fún yín pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ojú yín là nígbà tí mo bá ń gún un, kí ẹ lè sọ fún mi bí nǹkan kan bá ta yín bí iná.” Ó gbà, ó sì tẹ ìka.

Òṣùwọ̀n òògùn ni mo ṣe tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n màmá jẹ́ 78 kg. Bí a bá fi 2 mg bupivacaine, òògùn apara tí mo fẹ́ gún, sí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ju 156 mg lọ. Mo po òògùn náà sí 0.25%, mo fa 20 ml fún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 100 mg. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yóò gba 12.5 mg sí i. Mo ka iye tó ṣẹ́ kù sétí oníṣẹ́ abẹ, nítorí àwọn náà fẹ́ràn láti tú òògùn yìí sínú orúnkún kí wọ́n tó rán an, ẹni tí kò bá sì béèrè lè fi tirẹ̀ kún tèmi kọjá ààlà. Omi ọ̀rá funfun ti 20%, tí a fi ń gba ẹ̀mí là bí bupivacaine bá mú ọkàn, wà lórí tábìlì kí n tó gbé abẹ́rẹ́ rárá.

Ní tíátà, a so ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn mọ́ ọn lára, a sì wá ọ̀nà òògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́. Kí n tó fọwọ́ kan itan, èmi àti nọ́ọ̀sì dúró, a wo àmì tí oníṣẹ́ abẹ fi kálámù kọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, a sì bi màmá fúnra rẹ̀ léèrè ẹsẹ̀ wo ni. Mo nu itan náà pẹ̀lú òògùn apakòkòrò, mo fi náílọ́ọ̀nù mímọ́ bo orí ẹ̀rọ skáànù, mo sì gbé e dábùú àárín itan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá hàn dúdú róbótó, ó ń lù kìkì, iṣu ẹran sartorius sì bò ó lórí bí ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí mo tẹ orí ẹ̀rọ díẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, tó wà nísàlẹ̀, pẹ̀rẹ̀sẹ̀, èyí tó ń lù kò mì. Báyìí ni mo fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo pa awọ lára pẹ̀lú lidocaine díẹ̀, mo sì ti abẹ́rẹ́ wọlé láti ìhà òde itan, tí mo ń wo ẹnu rẹ̀ nínú àwòrán títí ó fi kọjá sábẹ́ sartorius, tó dé ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Mo fà á sẹ́yìn wò, ẹ̀jẹ̀ kò wọ inú sírínjì. Mo wá ń tú òògùn náà ní díẹ̀díẹ̀, mo sì ń béèrè àwọn àmì pé òògùn ti wọ ẹ̀jẹ̀, pé, “Màmá, ṣé ètè yín ò ta yín? Ṣé etí yín ò hó?” Ó ní rárá, pé òtútù tíátà nìkan ló ń dà á láàmú.

Fún iPACK, mo ká orúnkún náà díẹ̀, mo sì gbé orí ẹ̀rọ sẹ́yìn rẹ̀. Àárín iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ àti egungun itan ni mo tú òògùn sí, tí mo sì dúró súnmọ́ egungun, kó má baà ṣàn dé ọ̀dọ̀ iṣan sciatic, kí àtẹ́lẹsẹ̀ màmá má baà rọ. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mélòó kan, mo fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì kan ìhà inú ojúgun rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan kàn án, ṣùgbọ́n kò tutù. A gún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà láìsí wàhálà.

Abẹ́rẹ́ àárín itan yìí sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 sí 18. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni mo gún un, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè tán nígbàkigbà láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago mẹ́ta òru, nígbà tí nọ́ọ̀sì kò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá dúró títí ìrora yóò fi dé kó tó lo òògùn, òògùn náà yóò pẹ́ kó tó bá a. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún un ní paracetamol 1 g ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà àti diclofenac lẹ́yìn oúnjẹ, bó sọ pé òun kò rora, bó sọ pé òun ń rora, nítorí kídìnrín rẹ̀ yè, kò sì ní ọgbẹ́ inú. Mo fi mọ́fíìnì díẹ̀ sílẹ̀ fún pàjáwìrì; wọn kò lò ó.

Ní òwúrọ̀, mo ní kó fi òǹkà 0 dé 10 díwọ̀n ìrora náà. Ó ní 3 ni bó bá dùbúlẹ̀, 5 bó bá ká ẹsẹ̀. Kí a tó jẹ́ kó dìde, mo ní kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ní nínà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé e, ó sì gbé e dúró. Ìgbà yẹn ni olùtọ́jú ìrìn gbé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún un, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, màmá sì rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó padà. Kó tó lọ sílé, mo tún fi òwú tútù dán ojúgun rẹ̀ wò, ó mọ̀ ọ́n bákan náà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè dáadáa. Mo kọ ẹsẹ̀ tí mo gún, iye òògùn àti àkókò rẹ̀ sínú fáìlì, nítorí orúnkún òsì náà ti jẹ, màmá sì ti ń bi oníṣẹ́ abẹ léèrè ìgbà tí yóò kàn án.