Rọ́tà Ni Kẹ́ ẹ Kọ́kọ́ Wò, Ẹ Má Tíì Tẹ Reset: Ìtọ́sọ́nà fáwọn tó ń lo pánẹ́ẹ̀lì àfọwọ́tẹ̀ nínú ilé ọmọ adìẹ

Ìwé yìí ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ adìẹ o. Ẹ mọ̀ ọ́n, àwọn míì nínú yín ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí. Ẹ mọ̀ pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ooru ilé gbọ́dọ̀ wà láàárín 32°C sí 35°C, ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa ń dín in kù ní nǹkan bíi 3°C lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì la fẹ́ sọ, ojú gíláàsì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yẹn tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ tẹ̀, tó ń tan gílóòbù tó ń pa á, tó ń yí fáànù, tó sì yẹ kó ránṣẹ́ sí fóònù yín tí ooru bá ti já wálẹ̀. Ó yẹ kó ránṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Oko kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Òru ọjọ́ kan tójò rọ̀, gáàsì tán lábẹ́ ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Pánẹ́ẹ̀lì rí i pé ooru ti bọ́ sí 24°C, ó gbìyànjú láti ránṣẹ́, ó tún gbìyànjú, kò sí Wi-Fi. Olóko ń sùn nílé, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀, nǹkan kan ò dún. Kó tó di aago mẹ́fà ìdájí àwọn ọmọ adìẹ ti kó ara wọn jọ sí igun kan ṣoṣo, wọ́n ti tẹ ara wọn pa, àwọn tó kú lé ní igba. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní òyìnbó ti ta ayédèrú fún wa. Pánẹ́ẹ̀lì ò ṣe nǹkan kan o. Rọ́tà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín Wi-Fi, òun ló kú, láti aago mẹ́wàá alẹ́ tí wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ ló ti kú, torí ọ́fíìsì ni rọ́tà wà, sọ́kẹ́ẹ̀tì NEPA ni wọ́n ki í bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì wà lórí ínfátà ní tiẹ̀, ojú ẹ̀ là rekete, àmọ́ kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Nínú oko mẹ́wàá tí wọ́n bá pè mí sí pé Wi-Fi pánẹ́ẹ̀lì ń ṣe ségesège, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀ nìyí, ó sì ti sú mi láti máa sọ ọ́ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. RỌ́TÀ GBỌ́DỌ̀ WÀ LÓRÍ BÁTÌRÌ BÍI TI PÁNẸ́Ẹ̀LÌ. Kì í ṣe lórí NEPA, kì í ṣe lórí jẹnẹrétọ̀ nìkan, kì í sì í ṣe pé “ọmọọṣẹ́ á bá mi tàn án tí iná bá lọ.” Ọmọọṣẹ́ yẹn náà ń sùn.

Àwọn kan á ní ṣebí iná ò pẹ́ kó tó dé, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré lèèyàn fi ń yí ṣéńjì-ófà láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ rọ́tà tó ń lo síìmù tó bá ti kú, ó máa gbà á tó ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó tó jí tán kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Pánẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀ á máa wá a kiri, àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan ò mọ̀ jù kí wọ́n wá a bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n káwọ́ gbera, wọn ò sì ní wá a mọ́ títí tẹ́nì kan á fi lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wò ó, tí NEPA bá mú iná wá tó tún gbé e lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni pánẹ́ẹ̀lì yín máa sọnù, ẹ̀yin á sì máa sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa ládùúgbò wa.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ò le. Tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ínfátà bá wà nítòsí, ẹ ki ṣájà rọ́tà bọ̀ ọ́, ó tán. Rọ́tà ò jẹ iná, ẹ yí i pa kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí 12V 1A tàbí 12V 2A, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù tó lè jẹ ò ju wáàtì 12 tàbí 24 lọ, gílóòbù ooru kan ṣoṣo tẹ́ ẹ tàn sórí ọmọ adìẹ jù ú lọ fíìfíì. Tí kò bá sí ínfátà lọ́fíìsì, ẹ ra UPS, àpótí kékeré tó ní bátìrì nínú tí wọ́n ń ṣe fún rọ́tà, ó wà ní Computer Village n’Íkẹjà, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan sólà náà. Tó bá jẹ́ bátìrì 12V 7Ah lẹ fẹ́ lò, ìṣirò ẹ̀ ni wáàtì-wákàtí 84, rọ́tà tó ń jẹ wáàtì 10 yẹ kó lo bíi wákàtí mẹ́jọ lórí ẹ̀, àmọ́ wákàtí márùn-ún ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, torí bátìrì olójé tẹ́ ẹ bá ń fà gbẹ ò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ níbẹ̀. Rọ́tà tí wọ́n kọ 9V sí lábẹ́, ẹ má fún un ní 12V. Ẹ má sì fa wáyà láti bátìrì ínfátà 24V lọ sẹ́nu rọ́tà tààrà, á jó ni, mo ti gbọ́ òórùn ẹ̀ rí, kò dáa.

Ó kan ọ̀rọ̀ reset. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá ẹ̀yin ìyá, ta ló sọ fún yín pé reset ni wọ́n fi ń tún Wi-Fi ṣe? Bọ́tìnnì ara pánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn, kì í ṣe Wi-Fi nìkan ló ń pa rẹ́. Ó ń pa orúkọ Wi-Fi àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ́, ó ń já pánẹ́ẹ̀lì kúrò lára fóònù yín, lórí ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, ó tún ń gbé gbogbo ìwọ̀n ooru tẹ́ ẹ tò sínú ẹ̀ padà sí bó ṣe wà ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìyá kan pè mí láti ìta Ìjẹ̀bú Òde, wọ́n ní “Ẹ bá mi dá sí i, mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbà.” Mo ní “Màmá, kí ni wọ́n tò ó sí tẹ́lẹ̀?” Wọn ò rántí mọ́. Wọn ò kọ ọ́ sí ibì kankan. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ìwọ̀n ooru ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ Wi-Fi àti pásíwọ́ọ̀dù sínú ẹ̀, kó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì kọ pásíwọ́ọ̀dù sára ògiri ilé adìẹ bí mo ṣe rí i níbì kan, gbogbo àwọn tó wá ra ẹyin ló ń fi dátà oko wo bọ́ọ̀lù.

Tí pánẹ́ẹ̀lì bá ti kọ “kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì,” ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ dúró síwájú ẹ̀ gan-an, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà o, ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi kan náà, ẹ pa dátà fóònù fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti ṣí nǹkan. Tí fóònù náà ò bá ṣí, ẹ fi pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ẹ lọ bá rọ́tà. Ṣé iná ń bẹ lára ẹ̀? Ṣé dátà ò tíì tán? Ẹ má rẹ́rìn-ín, iye ìgbà tí mo ti wakọ̀ lọ sóko tó jẹ́ pé dátà ló tán kì í ṣe kékeré. Síìmù inú rọ́tà náà gbọ́dọ̀ ní NIN lára bíi ti fóònù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á tì í. Tó bá jẹ́ MiFi lẹ ń lò, ìyẹn rọ́tà kékeré tó ní bátìrì tiẹ̀ nínú, ẹ wọ inú sẹ́tíńgì ẹ̀ kẹ́ ẹ pa ti oorun, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sùn lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọn ò bá rí ẹni tó so mọ́ wọn, pánẹ́ẹ̀lì tó bá sì ti já ò lè jí wọn. MiFi tẹ́ ẹ ki bọ iná tọ̀sán tòru náà, ẹ máa ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ wò lóṣooṣù, bátìrì ẹ̀ máa ń wú, èyí tó bá ti wú, ẹ yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Tí fóònù bá wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwájú pánẹ́ẹ̀lì àmọ́ tí pánẹ́ẹ̀lì ò gbà, ọ̀rọ̀ 2.4 àti 5 ló kù, ìyẹn oríṣi ìgbì méjì tí Wi-Fi ń gbà. Ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ò gbọ́ ju 2.4GHz lọ, fóònù yín gbọ́ méjèèjì, rọ́tà tuntun sì máa ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì. Ẹ ya orúkọ wọn, ẹ fún 2.4 ní orúkọ tiẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ so pánẹ́ẹ̀lì mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń yan irú ààbò, ẹ mú WPA2, ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ò mọ WPA3. Níbi tí wọ́n ti ń yan ṣánẹ́ẹ̀lì, ẹ mú 1 tàbí 6 tàbí 11, ẹ má fi sí èyí tó wà láàárín wọn. Tí rọ́tà bá fàyè gbà á, ẹ fún pánẹ́ẹ̀lì ní nọ́ńbà IP tí kò ní yí padà. Ẹ ò nílò láti mọ ìdí ẹ̀, ẹ ṣáà ṣe é.

Ibi tí wọ́n ń gbé rọ́tà sí náà máa ń bí mi nínú. Ilé adìẹ wa, páànù ni òrùlé, páànù tàbí tapólì lẹ fi bo ẹ̀gbẹ́ fún ọmọ adìẹ, wáyà nẹ́ẹ̀tì yí gbogbo ẹ̀ ká. Wi-Fi ò lè gba inú páànù kọjá, wáyà nẹ́ẹ̀tì olójú tín-ín-rín náà ń dí i lọ́wọ́. Ẹ wá gbé rọ́tà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́fíìsì lẹ́yìn àpò oúnjẹ ogún, omi inú táńkì wà láàárín, ẹ wá ń retí kí pánẹ́ẹ̀lì gbọ́? Oko kan tiẹ̀ gbé tiwọn sínú agolo bisikíìtì torí eku. Agolo onírin! Ẹ wa áàpù tó ń wọn agbára Wi-Fi sórí fóònù yín, ẹ dúró níwájú pánẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ wò ó: -50 dára púpọ̀, -67 ṣì dáa, tó bá ti dé -75 ẹ má tan ara yín jẹ, á máa já ni. Nọ́ńbà tó sún mọ́ òdo ló lágbára jù, kì í ṣe èyí tó tóbi lójú.

Tí nọ́ńbà yẹn ò bá dáa, ẹ má ra rọ́tà olówó ńlá oníka mẹ́jọ. Ẹ ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Cat5e tàbí Cat6, ó lè gùn tó mítà 100, ẹ fà á láti ọ́fíìsì dé inú ilé ọmọ adìẹ, ẹ ki í bọ páìpù kí eku má jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ gbé rọ́tà kékeré kejì síbẹ̀, gíga mítà méjì sílẹ̀, níbi tó ti lè máa wo pánẹ́ẹ̀lì lójú. Ẹ fi ike bò ó torí eruku. Rọ́tà kejì yìí náà ńkọ́? Orí bátìrì. Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ gbàgbé.

Kí pánẹ́ẹ̀lì máa ránṣẹ́ nìkan ò sì tó. Ẹ ní kí ẹni tó bá yín fi í síbẹ̀ so sàírẹ́ẹ̀nì mọ́ ọn, èyí tó ń ké lóko láìwá Wi-Fi, kí ẹni tó wà nítòsí lè gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ pa NEPA, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ẹ mú pure water kan tó ti dì, ẹ gbé e ti ẹnu tó ń wọn ooru yẹn títí nọ́ńbà ojú pánẹ́ẹ̀lì á fi bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ní kó ti máa ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí omi kán sí i lára. Ẹni tó mú fóònù dání kó má wà lóko, kó wà nílé tàbí lọ́jà, kó pa Wi-Fi fóònù ẹ̀, dátà ni kó lò. Tí iṣẹ́ náà bá wọlé kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé omi yín kúrò kẹ́ ẹ máa lọ. Tí kò bá wọlé, ẹnì kan á gbé ẹní sùn sínú ilé ọmọ adìẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú tẹ̀mómítà àti tọ́ọ̀ṣì, a ó máa bá ti rọ́tà bọ̀ lọ́jọ́ kejì.